Àtàǹpàkò Nọ́ọ̀sì

Ìwópin, ọjọ́ Ẹtì, aago méje àárọ̀.
Ọ̀sà ò tíì jí tán.
Mo so ọkọ̀ mọ́ òpó, mo ń gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù,
Nọ́ọ̀sì Ọ̀nàfowókàn ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti òkè,
ó gbá gíláàsì ìjọba mọ́yà bí ọmọ ìkókó.

Ìjọba ló rà á. Wọ́n ní owó wà nínú ìṣúná
kí dókítà lè máa wo aláìsàn láti òkèèrè.
Wọ́n to páànẹ́lì oòrùn sórí páànù ilé ìwòsàn,
wọ́n kun yàrá kan ní funfun,
alága já ríbọ́n, a pàtẹ́wọ́, a mu mínírà.
Kò sẹ́ni tó bi wá pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ yàrá náà.
Etí omi ló ń gbé, bí ẹja.
Ìdí òpó tí mo ń so ọkọ̀ mọ́ gan-an ló yàn.

Bí èbúté ṣe di ilé ìwòsàn nìyẹn.
Ìyá Awósìlé ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.
Ó jókòó lórí àpò gàrí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì,
ẹsẹ̀ tó wú bí ewùrà tí òjò pa.
Dókítà Òkùnúgà yọ láti Ìjẹ̀bú-Òde,
orí kékeré, ọrùn tó wọ táì.
Ìyá ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ta ló há ọ mọ́bẹ̀?"
Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn.
Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa.
Ẹ yọwọ́."
Ihò kan kù síbẹ̀, kò dí,
ihò tó lè gba ẹ̀kùrọ́ kan.
Dókítà dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.
Omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ pákó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: owó ọkọ̀ mi ti dín kù.
Tẹ́lẹ̀, irú ẹsẹ̀ báyìí, Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé e lọ,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún; bó bá di òru, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.
Mo mọ iye owó tí mo pa.
Mo sì mọ iye àwọn tí mo gbé tí wọn ò bá mi gúnlẹ̀.
Mẹ́rin ni. Ọ̀kan lóyún.
Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi rí iná Ẹ̀pẹ́,
kò tíì mọ̀ pé ọwọ́ nìkan ló dì mú.
Mi ò fẹ́ gbowó. Ó fi tipátipá kì í bọ̀ mí lápò.
Inú agolo mílíìkì lowó náà wà di òní,
kò ṣe é ná.

Dókítà ní kí Ìyá dín iyọ̀ kù, ó pe orúkọ oògùn méjì.
Kó tó pe ìkẹta, gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í yí,
òbírí funfun kan tó ń lé ìrù ara rẹ̀.
Dátà tán.
Owó ọdún kan ni wọ́n fọwọ́ sí, ọdún sì ti pé.
Nọ́ọ̀sì yọ fóònù tirẹ̀, ó fi owó oṣù rẹ̀ rà sí i.
Ìgbà kẹrin lóṣù yìí. Òun ò kà á.
Èmi ni mo ń kà á.

Ẹ̀yin tó ń kọ ìṣúná, ẹ ṣeun, mi ò ya abaraámóorejẹ.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọkọ̀ tí kò ra àjẹ̀,
ṣé àtẹ́lẹwọ́ la ó máa fi tù ú?

Dókítà padà yọ. "Ibo la bá a dé?"
"Oògùn kẹta," Ìyá ló dáhùn, kí Nọ́ọ̀sì tó lanu.

Nígbà tí wọ́n parí, Ìyá Awósìlé tú ìdí àpò rẹ̀,
ó na epìyà yíyan mẹ́ta sí gíláàsì,
"Gbà, ọmọ mi."
Dókítà nawọ́.
Ojú mi ló ṣe: ó nawọ́ tán kó tó rántí.

Ẹja náà rèé lábẹ́ apá mi.
Mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde ń ṣí láago mẹ́sàn-án,
ẹ yà fún mi lọ́nà.