Eyín Àgbìn

Fáfiyèbí lorúkọ mi.
Ẹ gbọ́ bí mo ṣe pè é: Fá-fi-yè-bí.
Ọdún méje gbáko ni atẹ́gùn fi ń gba iwájú ẹnu mi jáde;
bí mo bá ní kí n pe ara mi, súfèé ni mò ń sú.
Òkúta kan ṣoṣo ni, nínú ẹ̀wà ìsìnkú ní Ìgèdè.
Mo gé e jẹ, mo gbọ́ kẹ̀ù,
eyín iwájú lókè bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi
pẹ̀lú ẹ̀wà méjì.

Mo kọ́kọ́ ra èyí tí wọ́n ń gbé wọ̀, tí wọ́n ń gbé bọ́.
Lálẹ́, á máa wò mí láti inú ife omi.
Ó funfun bí abọ́ tánganran,
àwọn tó kù wá dà bí ìbátan tálákà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sín,
ó bọ́ sínú igbá ọrẹ.
Akápò wò ó, ó wò mí,
kò mọ iye tí òun máa kọ sílẹ̀.

Ni mo bá gba Ìdó-Èkìtì lọ.
Dókítà Ọmọ́bọ́ládé, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́,
ìka rẹ̀ bí ìka ẹni tí ń ṣa ìrẹsì.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní fọ́tò àtijọ́?"
Mo mú ti ìgbéyàwó wa wá:
Ìbídùn lọ́tùn-ún, èmi ń rẹ́rìn-ín,
èjí mi là gedegbe bí ọ̀nà oko.
Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "A ò ní dí èjí yìí."
Mo wolẹ̀.
Ìbídùn máa ń sọ pé nítorí èjí lòun ṣe gbà fún mi.
Títí ó fi kú, àwàdà ni mo pè é.

Agbọ́n ta mí ní àgbọ̀n òkè: abẹ́rẹ́ nìyẹn.
Ó lu eegun ní ihò, ó fi irin tín-ín-rín kan sí i,
irin tí kì í dípẹtà,
ó yí i wọlé bí ẹni ń dé ìgò.
"Ẹ lọ dúró kí eegun dì í mú."
Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbin èébù iṣu mi.
Mo mọ ìdúró. Àgbẹ̀ kì í hú iṣu wò lójoojúmọ́.
Àmọ́ ahọ́n, tọ̀sán tòru, ó ń yọ́ lọ tọ́ ọ wò.

Oṣù karùn-ún, ó de eyín mọ́ irin lórí.
Wọ́n ní funfun niyì eyín;
kì í ṣe lẹ́nu ẹni àádọ́rin ọdún.
Èyí gbé àwọ̀ tíì àti obì ogójì ọdún
tí kò bá mi jẹ, tí kò bá mi mu,
ó sì fi àyè sílẹ̀ fún èjí,
bí àgbà tó mọ ibi tí ìjókòó òun mọ.

Ọjọ́ kẹta, mo gé ahọ́n jẹ.
Mo dúpẹ́. Ará ilé ló ń bára wọn jà.
Àgbọ̀n mi fọ́ àgbọn,
ohùn tó dún létí mi, ohùn àtijọ́ ni.

N kò ní purọ́, ohun kan ṣẹ́kù.
Ní Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé tútù,
mo bu tútù sẹ́nu.
Gbogbo eyín mi ta gìrì,
òun nìkan dákẹ́.
Ibẹ̀ nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n ní àlejò.

Ìbílọlá, ọmọ-ọmọ mi, ní kí n yanu.
Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.
"Bàbá àgbà, èwo lẹ rà?"
Mo ní kó mú un.
Ìka rẹ̀ lọ bá aládùúgbò rẹ̀,
èyí tó hù lẹ́nu mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje.

Lálẹ́, ife ṣì wà lórí tábìlì.
Omi lásán ló wà nínú rẹ̀.
Mo gbé e, mo mu ún.