Ewé Nínú Yìnyín

Àkùrọ̀ ẹ̀yìn Kábà ń gbẹ lọ,
àlùbọ́sà eléwé wá di ọ̀pọ̀.
Ìyá mi ṣan tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ó tẹ́ ẹ sórí tówẹ̀lì títí ó fi gbẹ:
"Bó bá bá omi wọ fírísà,
òkúta lo máa bá níbẹ̀."

Ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó dì í sí ọ̀rá,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé afẹ́fẹ́ jáde.

Iná lọ lóru. Ọjọ́ kejì, kò dé.
A gbé e sáré lọ bá Arówóṣafẹ́ oníyìnyín,
bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

Oṣù kẹjọ. Òjò.
Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú epo:
ṣàà!
Àkùrọ̀ gba gbogbo ilé ìdáná.
Ìyá wà ní Lọ́kọ́ja, ó ń wẹ ọmọ-ọmọ;
ìkọ̀wé rẹ̀ wà lára ọ̀rá:
"Má sè é tán o."