Kílò Márùn-ún

Ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún,
ọ́ìlì dúdú, ó ń kán tó, tó, sára táyà.
Landirófà Alàgbà Adégoróyè wà lórí jáàkì
lẹ́yìn ilé rélùwéè, l'Òṣogbo,
bí arúgbó tó gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n bá a wò ó.

"Bí mo bá ti sáré kọjá ogójì," Alàgbà ní,
"sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi."
Ọ̀gá mi, Ọ̀ṣúnníyì, kò dá a lóhùn.
Ó di táyà mú lókè, ó dì í mú nísàlẹ̀,
ó mì í. Kò. Kò.
"Bẹ́árìn ti jẹ tán."

Eegun ni mo pè é nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀.
Ọ̀gá ní rárá, oríkèé ni:
irin róbótó tó jókòó sínú ife irin
kí táyà lè yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì,
kí agbára ẹ́ńjìnnì má sì já láàárín.
Síìlì tó yí i ká kò fẹ̀ tó ìka ọwọ́,
òun sì ni olùṣọ́nà:
gírísì kò gbọdọ̀ jáde, omi kò gbọdọ̀ wọlé.
Èyí ti gbó. Ètè rẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ nínú ọyẹ́.

Mo tú nọ́ọ̀tù. Ohun tó ṣàn sínú abọ́ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́,
omi ògì ni.
Gbogbo odò tí Alàgbà là kọjá lọ́nà Ìbòkun,
gbogbo àbàtà tó wọ̀ nítorí kòkó,
díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n yọ́ wọbẹ̀.
Ara irin róbótó náà ti ṣá
bí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbóná sí.

A rí òmíràn tó dán lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù.
Mo fi kẹrosíìnì fọ ilé rẹ̀,
mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti gírísì sínú bẹ́árìn tuntun
títí ó fi yọ lódìkejì.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá béèrè òṣùwọ̀n.
Kò gbọdọ̀ le jù, kò gbọdọ̀ dẹ̀ jù:
kílò márùn-ún ni kí á fi fà á kó tó yí.
Alàgbà ní, "Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọkọ̀."
Òṣùwọ̀n ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọn kòkó,
ojú rẹ̀ bí aago, abẹ́rẹ́ pupa.
Ọ̀gá fi kọ́ apá irin, ó fà á.
Márùn-ún géérégé.
Ó tún fi ọwọ́ lásán fà á.
Ó dákẹ́. Ó tún fà á.
"Eléyìí le jù. Ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ àná."

Ó rán mi lọ pọnmi.
Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, ó kún dé ọrùn,
mo gbé e kọ́.
Abẹ́rẹ́ gbéra, ó dé mẹ́rin,
ó dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Alàgbà ń wo táyà ìkejì, èyí tí kò ṣe nǹkan kan.
Omi tó jalè wọ inú oríkèé,
omi náà ló wá jẹ́rìí.

Bàbá mi ń ta kòkó lọ́nà Ìbòkun.
Ìkọ́ yìí ni. Abẹ́rẹ́ pupa yìí ni.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: nínú kílò márùn-ún, ọ̀kan lọ;
ọdún tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, àpò mọ́kànlá...
gírísì ń yọ́ lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo ṣírò dé.

Ọ̀gá dá òṣùwọ̀n padà fún un jẹ́ẹ́jẹ́.
Ó ki páànù fẹ́lẹ́ kan sábẹ́ ìdérí,
ó fi ọwọ́ fà á, ó mi orí.
A fi síìlì tuntun sí i, ètè rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́.

Alàgbà san owó. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú rẹ̀,
ohun tí n kò rí i kó ṣe rí.

Ọkọ̀ náà bọ́ sí títì, kò gbọ̀n,
kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan níbi tó ti dúró.
Kẹ́ẹ̀gì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.
Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé e lọ fún bàbá mi,
mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ gbé èyí kọ́
kí ẹ tó gbé àpò."