Àpò Ti Kún

Òmìrán olórí mẹ́ta ṣubú ní aago méjì òru,
ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn,
tí ajá Bàbá Adégòróyè ń gbó ohun tí kò sí.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi bá a jà.
Ó kú, ẹrù rẹ̀ tú ká bí àgbàdo lórí ẹní:
owó wẹ́wẹ́, eyín, awọ,
àti idà kan tó ń tàn yòò
bí iná ilé epo ní Òkè-Ìjẹ̀bú.

Mo nawọ́ sí i.
Géèmù ní: Àpò ti kún.

Ogún ìṣẹ́jú-àáyá ló fún mi,
lẹ́yìn náà ilẹ̀ á gbé idà mì.
Bátìrì kọ̀ǹpútà ku ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.
NÉPÀ ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, kò sọ ìgbà tó ń bọ̀.

Mo tú àpò wò. Ọgbọ̀n àyè, ọgbọ̀n ẹrù.
Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí mo ti ṣí tipẹ́.
Bàtà ẹsẹ̀ òsì; mo ṣì ń wá tọ̀tún.
Lẹ́tà tí ọmọ ogun kan ní kí n bá òun fún ìyàwó òun,
n kò rí ìyàwó náà títí abúlé wọn fi jóná.
Kùmọ̀ igi tí Rántímí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́,
kó tó pa géèmù tì, kó lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ìkàrẹ́.
Kò lè pa eṣinṣin.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò jù ú nù?

Nísàlẹ̀ pátápátá: ogójì ìgò oògùn ìwòsàn.
N kò mu ọ̀kan rí.
Mo fara gbọfà, mo sá, mo lúgọ sẹ́yìn àpáta,
ẹ̀mí mi ku bíńtín, mo ní rárá,
ogun tó ju èyí lọ ń bọ̀.

Màmá wa ní Odòjọ̀mù, l'Óǹdó, náà sọ bẹ́ẹ̀
nípa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Àrán. Léèsì tí wọn ò tíì tú kúrò nínú ọ̀rá.
"Ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀."
Ìró kan náà, tó ní àbààwọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí,
ló ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọjọ́ tí a ṣí àpótí, kò sí níbẹ̀ láti bínú.
Káńfọ̀ ti gbẹ. Mo fọwọ́ kan àrán,
ó rún sí mi lọ́wọ́ bí eérú ìwé.

Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án.
Mo ṣí ìgò kìíní, mo gbé e mu.
Géèmù ní: Kò sí ohun tó ń ṣe ọ́.
Mo mu ìkejì. Kò sí ohun tó ń ṣe ọ́.
Ìka mi ń ta pọ́ún lórí bọ́tìnì,
ìkẹtàlá, ìkẹrìnlá, mo ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn,
àbúrò mi yíra padà lórí ẹní,
ó ní, "Gbóyèga, ṣé orí ẹ pé?"

Ìkẹtàdínlógójì.
Idà ṣì ń tàn.
Bátìrì ku ọ̀kan.
Kò sí ohun tó ń ṣe ọ́, ni géèmù ń wí,
kò sí ohun tó ń ṣe ọ́.