Máàkì Iṣẹ́ Rẹ, Gbádégẹsin

Gbádégẹsin, ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí o ṣe ti dé ọwọ́ mi.
O ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n fún un ní máàkì.
O fi fọ́ọ̀mù tẹ̀lé e:
ṣé àwọ̀ rẹ̀ wuyì, ṣé àwòrán rẹ̀ ń dán,
ṣé ó wu olùkọ́ láti tún un lò?
Mo ti fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwọ náà mọ̀ mí,
bíìrò pupa ni mo fi ń sọ òótọ́ fún ọmọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí wọ́n kọrin àárọ̀ tán,
mo kó ọmọ mọ́kànlélógójì jọ
sí kíláàsì tó kọjú sí ọgbà kajú, ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n níbí.
Tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́fà la ní, méjì ò gba iná mọ́.
Owó àpò mi ni mo fi ra dátà. Má dá a padà, mo kàn ń wí ni.
Ẹ̀bá fèrèsé la dúró sí,
níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń yọjú
bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.

Ó ṣí. Gbogbo wọn pariwo.
Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn ún wò:
òdòdó ń là, kòkòrò ń fò,
àwọ̀ ń tàn yanranyanran.
Múkáílà tí kì í lanu láti January
ní, "Mà, ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́."
Mo kọ mẹ́jọ sí etí ìwé nítorí Múkáílà.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ojú ewé kejì fi ń bọ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin, Gbádégẹsin!
Nínú kíláàsì kejì, ìyẹn tó láti ja ìjà kan parí
ká tún dá òmíràn sílẹ̀.
Nígbà tó dé, oòrùn ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì,
lẹ́tà aláwọ̀ eérú tí o kọ sórí funfun
di iyọ̀ nínú omi.
Ìbídùnní gbé e súnmọ́ imú
bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀.
Mo ní, "Kí lo rí?"
Ó ní, "Ojú ara mi ni mo rí, Mà."

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ọ̀rọ̀ tìrẹ kò jẹ́ kí ojú rí i.

A fẹ́ padà sẹ́yìn, a ò rí ọ̀nà.
Ilé tó láwọlé tí kò láwọjáde, ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?
Àti ewé tí o yà, ti igi wo ni?
Ó ń pọ́n, ó ń jábọ́ sórí yìnyín.
Ọmọ kan wo kajú ìta, ó bi mí
bóyá ewé tiwa kì í ṣe ewé.
Mo já ọ̀kan, mo gbé e sójú oòrùn.
Iṣan rẹ̀ hàn títí dé etí.
Kò bèèrè dátà. Kò ní kí n dúró.

Mo kọ mẹ́ta. Mo fa ìlà sí i nídìí.
Ìgbà náà ni mo rántí
bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó sán,
níbi tí o ti ń da ìwé ẹnìkejì rẹ kọ
odidi ọdún kan
kí n tó mọ̀ pé ojú rẹ kò tó pátákó.
Èmi tí mo ń kọ lẹ́tà wínníwínní
kí ṣọ́ọ̀kì má baà tètè tán.
Ta ló fún mi ní máàkì nígbà náà?

Mo ti pa mẹ́ta náà rẹ́.
Wọ mọ́tò wá sí Tákìé lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni máa pàdé rẹ.
Bẹ́ǹṣì yẹn ṣì wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan la pààrọ̀.
Jókòó sí i. Gbé iṣẹ́ rẹ lé Ìbídùnní lọ́wọ́,
kí o sì panu mọ́. Má tọ́ka, má bá a tẹ nǹkan kan.
Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá wá tí kò rí, kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti ra bíìrò pupa tuntun.
Òun ni máa fún.