Kì Í Ṣe Orúkọ Rẹ̀ Nìyẹn

Ní Lofoten, àwa ọmọdé la máa ń gé ahọ́n ẹja.
Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, a ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà,
a ó fi orí ẹja kọ́ ìṣó, a ó gé ahọ́n rẹ̀, ó di owó.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń fi ọ̀bẹ ṣe é, kì í gé ara rẹ̀ níka.
Ahọ́n ẹnu tiwa nìkan ni a kò mọ̀ ọ́n kó níjàánu.

Oṣù kọkànlá ni Aušra dé láti Lithuania.
Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la ẹja,
ẹ̀wù òtútù bàbá náà ni wọ́n gé kúrú fún un.
Torgrim fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó ní,
"Orí Pańla ti dé."
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ẹ má bi mí bóyá ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Ilé ta ni Torgrim wò?
Ìyá ọmọ ti sọ ọ́ ní Aušra,
àfẹ̀mọ́júmọ́ ni lédè wọn.
Àfẹ̀mọ́júmọ́! Ní ìlú wa tí oòrùn ń wọ̀ lóṣù kejìlá
tí a kì í tún fojú kàn án títí ọdún á fi yí.

Orúkọ burúkú náà lẹ́sẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ yàrá ìjẹun,
ẹnìkan fi gègé kọ ọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀,
àwọn ọmọ kékeré tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí ń fi kí i.
Olùkọ́ wa, Oddlaug, gbọ́ fìrí, ó béèrè.
Torgrim ní, "Ẹ̀fẹ̀ la ń ṣe, Tíṣà."
A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀fẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà yẹn:
ẹni tí a bá bá ṣẹ̀fẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì dá tirẹ̀ padà;
bó bá ní ó tó, ó tó náà nìyẹn.
Aušra ń dá jẹun láàárín àwọn ẹ̀wù òtútù tí a fi kọ́,
ó ń fi ọṣẹ fọ orí lójoojúmọ́ títí ẹ̀yìn etí rẹ̀ fi bó.
Mo rí etí yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Bàbá àgbà mi ni mo sọ fún, nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀.
N kò sọ ti ẹ̀rín mi.
Ó gbé orí ẹja gbígbẹ kan, ó ní,
"Nàìjíríà nìyí ń lọ. Owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á,
ọbẹ̀ àlejò ni wọ́n fi ń sè.
Ohun tí ẹ fi ń bú ọmọ ọlọ́mọ ló ra bàtà ẹsẹ̀ rẹ."
Mo wo bàtà mi.
Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja ló ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, bí Torgrim ti la ẹnu,
ohùn mi jáde tín-ín-rín bí ti ọmọ ológbò:
"Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn."
N kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, mo tún un sọ.
Sigve bá mi sọ ọ́. Ẹnìkan tún sọ ọ́ lẹ́yìn.
Torgrim pè mí ní olófòófó nígbà tí mo lọ bá Oddlaug
tí mo rò ó látìbẹ̀rẹ̀, tòun ti ẹ̀rín mi.
Olófòófó ń wá ìyà fún ẹnìkan ni;
èmi ń wá ẹni tí yóò gba ìyà lọ́rùn ẹnìkan.

Aušra kò dúpẹ́. Ó ní, "Ìwọ náà rẹ́rìn-ín."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ní oṣù kìn-ín-ní, oòrùn yọ bí orí èékánná lẹ́yìn òkè,
gbogbo ilé ìwé sáré jáde lọ wò ó.
Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó mì orí.
"Awuṣ," ó ní, "Awuṣ-ra."
Mo tún un pè.
Ó ní ó kù díẹ̀.