Bọ́ọ̀lù Kẹta

Ọ̀sán gangan ní Ovalle. Eruku pupa ti kun ìbọ̀sẹ̀ mi.
Mo dúró lẹ́yìn ìlà, bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ́wọ́,
Rayén nìkan ni mò ń wò.
Ó ti gba ìpele kìíní, mẹ́fà sí mẹ́rin;
nínú èkejì, márùn-ún sí méjì.
Ó ku géèmù kan. Ẹyọ kan péré.
Àwọn ará ìlú ti ń gbé àpò kọ́ èjìká.

Ó na ọwọ́. Mo ju ọ̀kan sí i, mo ju èkejì.
Ó ta á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin bí ìṣe rẹ̀,
ó jù ú sókè, ó fò tẹ̀ lé e,
ẹsẹ̀ òsì kò sì gbà á nígbà tó balẹ̀.
N kò gbọ́ igbe.
Rákẹ́ẹ̀tì ni mo gbọ́, kàlà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Oníwòsàn sáré dé tòun ti yìnyín.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta lòfin fún un.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó láti jẹ búrẹ́dì tán,
iṣan tó já kò lè fi so.

Ó tiro lọ sídìí àwọ̀n. Kò lọ bá adájọ́,
Itatí ló lọ bá, ó sọ nǹkan sí i létí.
Ọmọ Paraguay náà ń mi orí, ó ń mi orí ṣáá,
bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.

Adájọ́ bọ́ fìlà kó tó sọ ọ́:
Benegas ló borí.
Pátákó kò gbọ́. Mẹ́fà sí mẹ́rin, márùn-ún sí méjì,
ó ṣì ń jẹ́rìí fún ẹni tó pàdánù.

Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn wa pé, "Ojo!"
Bàbá àgbà mi yíjú sí i.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wa bàbà ní Punitaqui,
kò mọ ìgbà tó yẹ kó gòkè,
orúnkún rẹ̀ ti jẹ́ ti igi báyìí.
"Akọni tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá," ó ní,
kò parí rẹ̀.

Itatí ṣì jókòó, táwẹ́ẹ̀lì lórí,
nígbà tí wọ́n fa àwọ̀n ìgbálẹ̀ kọjá lórí ojú ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó bi mí ní bọ́ọ̀lù kẹta.
Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi.
Bílé bá dákẹ́, mo máa ń ta á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
N kò tíì jù ú sókè.